NAS ni kí n rà fún fáìlì ilé wa, àbí kí n sọ kọ̀ǹpútà tọ́kùnbọ̀ di sẹ́fà? (Àkúrẹ́)

Onílé_Ìjàpọ̀ béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà kọ̀ǹpútà. Àkúrẹ́ la wà, ní Ìjàpọ̀. Ẹni mẹ́fà ló wà nínú ilé: fóònù márùn-ún, láàpútọ́ọ̀pù méjì tó ń lo Windows 11, àti háàdì alágbèéká 1TB kan tó ti kún dé ẹnu. Fọ́tò àti fídíò ló pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n ti ń lọ sí 900GB. Ìyókù jẹ́ ìwé tí a ti ṣe síkáànù rẹ̀: ìwé ilẹ̀, sátífíkéètì WAEC, ìwé ìbí àwọn ọmọ, rìsíìtì. Mo fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wà lójú kan tí ará ilé lè dé, kí fọ́tò fóònù sì máa wọ ibẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ti iná: ìnfátà 1.5kVA, bátìrì lithium 24V 100Ah kan, páànẹ́lì wà lórí òrùlé. Gílóòbù, fáànù, tẹlifíṣọ̀n àti róútà 4G ló ń gbé.

Ohun méjì ni mo ń wò. Èkíní ni NAS oníháàdì méjì (àpótí kékeré tó ń tọ́jú fáìlì fún gbogbo ilé lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì), irú Synology DS223j tàbí DS224+. Èkejì ni tower tọ́kùnbọ̀, Dell OptiPlex tàbí HP EliteDesk, kí n ki háàdì méjì sí i, kí n fi ṣe sẹ́fà (kọ̀ǹpútà tí gbogbo ilé á máa gba fáìlì lára rẹ̀). Ọ̀kan péré ni owó mi ká. Èwo ni kí n mú? Ṣé UPS (bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró díẹ̀ bí iná bá lọ) ṣì pọn dandan nígbà tí ìnfátà ti wà? Ọmọ wa kan wà ní Ifẹ̀, òun náà á fẹ́ máa rí fáìlì láti ọ̀hún.

Wáyà_Mẹ́jọ fèsì:

Ẹ ṣírò iná kí ẹ tó ṣírò owó. Bátìrì yín tó bíi 2,560Wh bó bá kún. DS223j pẹ̀lú háàdì méjì ń jẹ bíi wátì 16 tó bá ń ṣiṣẹ́, bí háàdì bá sùn ó máa ń wálẹ̀ sí bíi wátì 4. Láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ sí aago méje àárọ̀ jẹ́ wákàtí 13. Ká ní háàdì ò tiẹ̀ fojú kan oorun, 208Wh náà ló máa jẹ. Tower i5 tó gbé háàdì méjì kan náà máa ń wà láàárín wátì 30 sí 40 bó tilẹ̀ jókòó lásán. Ẹ mú un ní 35, ó di 455Wh lóru kan. Ìyàtọ̀ tó tó 250Wh yẹn, fáànù DC kékeré kan lè fi fẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Nínú oṣù tí òjò kì í jẹ́ kí páànẹ́lì rí oòrùn dáadáa, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára.

Nítorí náà, NAS ni èmi ń sọ. Ìdí kejì ni pé ẹni mẹ́fà ló máa lò ó, ẹnì kan ṣoṣo ló sì mọ̀dí rẹ̀. Bí ẹni yẹn bá rìnrìn àjò, NAS á máa bá tirẹ̀ lọ. Ó máa fi ìméèlì ránṣẹ́ bí háàdì bá ń ṣàìsàn, ẹni tó bá sì lè tẹ fóònù lè ṣí i.

Láàárín DS223j àti DS224+: j ní RAM 1GB tí wọ́n lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, kò ṣeé fi kún, kì í sì í gba Container Manager (tó ń jẹ́ kí NAS gbé ètò mìíràn). Fáìlì, fọ́tò àti ẹ̀dà fóònù nìkan ló wà fún, ó sì ń ṣe é dáadáa. DS224+ ní Celeron J4125 àti 2GB tó ṣeé fi 4GB kún, iná tó ń jẹ ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti j. Bí owó bá tó o, DS224+. Bí ẹ bá mú j, ẹ mọ̀ pé ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá da 900GB sínú rẹ̀, á máa ka fọ́tò lọ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, á sì lọ́ra bí ìgbín. Ẹ fi í sílẹ̀, kò bàjẹ́.

Háàdì ni ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣe àṣìṣe jù. Ẹ má kàn sọ fún alájà pé "háàdì 4TB". Irú méjì ló wà: CMR àti SMR. SMR máa ń kọ ìlà dátà lé ara wọn bí páànù òrùlé, tó bá fẹ́ yí ìlà kan padà, ó ní láti tún ọ̀pọ̀ ìlà kọ. CMR kì í kọ wọ́n lé ara wọn. Ẹ ò ní mọ̀ ọ́n bí ẹ bá kàn ń da fọ́tò díẹ̀díẹ̀ sí i. Ọjọ́ tí ọ̀kan bá kú tí ẹ ki tuntun bọ ibẹ̀, tí NAS ní láti ṣàdàkọ gbogbo rẹ̀ padà, ọjọ́ náà ni SMR á fa iṣẹ́ ọjọ́ kan di ọ̀sẹ̀, nígbà mìíràn NAS á rò pé ó ti kú, á sì lé e jáde. Seagate IronWolf àti WD Red Plus jẹ́ CMR. WD Red tí kò ní "Plus" lára, láti 2TB dé 6TB, SMR ni. Ọdún 2020 ni ilé-iṣẹ́ náà fẹnu ara wọn sọ ọ́. Seagate Barracuda 4TB tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ST4000DM004 náà SMR ni, òun ló sì pọ̀ lójà torí pé kò wọ́n. Nọ́ńbà ara háàdì ni kí ẹ kà. Ẹ má ka páálí.

Èkejì: "tuntun" kì í sábà jẹ́ tuntun. Lọ́dún 2025, ariwo ta káàkiri ayé lórí háàdì Seagate tí wọ́n ti lò fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí, tí àwọn kan pa àkọsílẹ̀ SMART rẹ̀ (tó ń ka wákàtí tí háàdì ti ṣiṣẹ́) rẹ́, tí wọ́n tún un tà bí tuntun. Wọn ò rántí pa FARM, àkọsílẹ̀ kejì tí Seagate fi sínú rẹ̀, rẹ́. Ẹ so háàdì mọ́ kọ̀ǹpútà Linux tó ní smartmontools 7.4 tàbí èyí tó ga jù ú lọ, kí ẹ sì tẹ:

`sudo smartctl -a /dev/sdb`
`sudo smartctl -l farm /dev/sdb`

Bí Power_On_Hours bá sọ pé 3 nínú ti àkọ́kọ́, tí ti ìkejì sọ pé 18,000, ẹ dá a padà. Bí wọ́n bá dọ́gba, ẹ tẹ `sudo smartctl -t long /dev/sdb`, kí ẹ lọ sùn. Ti 4TB máa ń gbà tó wákàtí mẹ́jọ. Tó bá parí, Reallocated_Sector_Ct àti Current_Pending_Sector gbọ́dọ̀ jẹ́ 0. "Ó kéré, kò ṣe nǹkan" ò sí nínú ọ̀rọ̀ Pending o. Ẹ bá alájà sọ ọ́ kí ẹ tó sanwó pé ẹ máa dán an wò.

4TB méjì tó yín. Wọ́n á ṣàdàkọ ara wọn (RAID 1 ni wọ́n ń pè é), nítorí náà 4TB péré lẹ máa rí lò, kọ̀ǹpútà á sì pè é ní 3.6. Ẹ má bẹ̀rù, kò sẹ́ni tó jí ìyókù.

Ti wáyà: ẹ yẹ ẹ̀yìn róútà 4G yín wò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ihò LAN tí kì í kọjá 100Mbps, ìyẹn bíi 11MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. 900GB lórí ìyẹn á gbà tó wákàtí 23. Bí ẹ bá ra switch gigabit oníhò márùn-ún (àpótí tí wọ́n ń so wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì pọ̀ mọ́), kí ẹ so NAS àti láàpútọ́ọ̀pù mọ́ ọn, kí róútà náà so mọ́ ọn, á di wákàtí méjì àtààbọ̀ sí mẹ́ta. Wáyà ni kí ẹ sì lò fún ìdàkọ àkọ́kọ́ yẹn, kì í ṣe Wi-Fi. Bí ẹ bá so ó tán tó ṣì ń sọ pé 100, wáyà ni. Gigabit ń fẹ́ kí okùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ inú rẹ̀ dé ẹnu. Bí ọ̀kan nínú mẹ́rin tí 100 ò nílò bá já, á sá padà sí 100 láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Wáyà olówó pọ́ọ́kú tí inú rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ẹnu okùn kan: bí inú bá funfun, ẹ fi sílẹ̀ fún olówó rẹ̀.

Tọ́kùnbọ̀_Tó_Péye fèsì:

Ẹ̀gbọ́n Wáyà_Mẹ́jọ, mi ò bá ìṣirò iná jà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òdìkejì rẹ̀ dáadáa, kí ẹni tó béèrè lè fi ojú ara rẹ̀ yàn.

Ohun tí NAS kékeré ò lè fún yín ni agbára àti òmìnira. Bí ẹ bá fẹ́ Immich (ètò tó ń to fọ́tò), kí ẹ kọ orúkọ ọmọ kan kí gbogbo fọ́tò ojú rẹ̀ jáde, RAM 6GB ló kéré jù, 8GB ló dára. DS223j ò lè gbé e rárá, DS224+ tí ẹ fi 4GB kún á gbé e tìkántìkán. Tower i5 ìran kẹfà tàbí ìkejọ pẹ̀lú 16GB á jẹ ẹ́ bí ẹ̀wà. Lẹ́yìn náà, oní-NAS ló ni software rẹ̀. Ní 2024, DSM 7.2.2 (ètò tó ń darí NAS Synology) yọ Video Station kúrò, ó sì yọ iṣẹ́ lórí fídíò HEVC (ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń fún fídíò pọ̀) kúrò lára àpótí náà, ó tì í sí ọrùn fóònù àti kọ̀ǹpútà ẹni tó ń wò ó. Bí iPhone bá wà nínú fóònù yín, HEVC ni fídíò rẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Lórí Debian (irú Linux kan) pẹ̀lú OpenMediaVault tó ń darí fáìlì àti Jellyfin tó ń gbé fídíò, kò sẹ́ni tó lè yọ nǹkan kan lọ́wọ́ yín.

Bí ẹ bá máa ra tower, ẹ ṣí i lójú alájà. Kí ẹ rí ibi tí háàdì ńlá méjì lè jókòó sí, kì í ṣe ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ SFF, ìyẹn àwọn pẹlẹbẹ, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà. Àwọn kékeré jọjọ tí wọ́n ń pè ní Micro tàbí Tiny kì í jẹ iná, wátì 10 sí 15 ni, ṣùgbọ́n háàdì ńlá kan kì í wọ inú wọn, ẹni tó bá sì kó háàdì USB méjì jọ láti fi ṣe RAID ń wá ìjà: USB máa ń já fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn sì tó láti tú RAID ká. Ẹ ka ẹnu iná SATA tó wà nílẹ̀. Páwà Dell àti HP yìí, tiwọn ni, ẹnu rẹ̀ kì í bá bọ́ọ̀dù mìíràn mu. Bó bá jó, irú rẹ̀ gan-an lẹ máa wá.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ pààrọ̀ bátìrì CR2032 tó wà lórí bọ́ọ̀dù. Owó kékeré ni, òun ló sì ń dá ọ̀pọ̀ sẹ́fà tọ́kùnbọ̀ lóró. Bátìrì yẹn ti gbó. Bí iná bá lọ pátápátá, BIOS (ètò orí bọ́ọ̀dù tó ń jí kọ̀ǹpútà) á gbàgbé gbogbo ohun tí ẹ sọ fún un, títí kan "AC Recovery" tí ẹ ti fi sí Power On. Iná á padà, sẹ́fà ò ní dìde. Bó bá sì dìde, aago rẹ̀ á wà ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, gbogbo ohun tó ń lo HTTPS á kọ̀, ẹ ó máa bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì láìṣẹ̀.

Ẹ dí gbogbo ihò káàdì tó ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ gbóná, ó sì ṣókùnkùn. Ọmọńlé fẹ́ràn rẹ̀, èèrà náà fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọńlé kan tó bá nà gbọọrọ sórí ẹnu páwà tó láti pa bọ́ọ̀dù. Nẹ́ẹ̀tì ìlẹ̀kùn tí ẹ gé kéré, tí ẹ fi tépù lẹ̀ mọ́ ojú ihò, ti tó, atẹ́gùn á ṣì máa gba ibẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, ẹ gbọn nẹ́ẹ̀tì náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ooru háàdì bá ń kọjá 45°C lójú smartctl, eruku ti dí i nìyẹn.

Níbi tí èmi àti ẹ̀gbọ́n ti yapa gan-an ni RAID. Lórí sẹ́fà, èmi kì í ṣe RAID 1 fún ilé. Háàdì kìíní ni gbogbo ilé ń lò, háàdì kejì ń gba ẹ̀dà lálaalẹ́. Bí ọmọ bá pa fóldà kan rẹ́ ní ọ̀sán, RAID 1 á pa á rẹ́ lórí méjèèjì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ̀dà alaalẹ́ ò tíì gbọ́. Ẹ kọ èyí sínú fáìlì kan, kí cron (tó ń bá Linux ṣe iṣẹ́ ní aago tí ẹ dá) máa pè é ní aago méjì òru:

`#!/bin/bash`
`mountpoint -q /srv/kinni || exit 1`
`mountpoint -q /srv/keji || exit 1`
`rsync -a --delete --backup --backup-dir=/srv/keji/aparẹ/$(date +%F) /srv/kinni/ /srv/keji/ile/`

Ẹ má fo ìlà mountpoint méjèèjì yẹn. Bí háàdì kìíní ò bá gbéra lẹ́yìn tí iná lọ, /srv/kinni á di fóldà òfìfo, rsync á sì gbà pé ẹ ti pa gbogbo nǹkan rẹ́, á wá tẹ̀ lé yín. Ẹ má sì kọ ìlà rsync náà tààrà sínú crontab: cron kì í ka ami % bí àwa ṣe ń kà á, á gé ìlà náà síbẹ̀, ẹ ò sì ní rí ẹ̀dà kankan fún oṣù mẹ́ta.

Ẹ̀dà_Mẹ́ta fèsì:

Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ kú làákàyè, ṣùgbọ́n ìbéèrè UPS ló ṣe pàtàkì jù, ẹ sì fò ó.

Onílé_Ìjàpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ nílò UPS, pàápàá nítorí ìnfátà. Bátìrì lithium kì í kú díẹ̀díẹ̀. Bó bá dé ìsàlẹ̀, BMS inú rẹ̀ (bọ́ọ̀dù tó ń ṣọ́ bátìrì) á gé e, pàù, bí ìgbà tí èèyàn yọ púlọ́ọ̀gì. NAS ò ní gbọ́ ìkìlọ̀ kankan. Bó bá ń kọ nǹkan lọ́wọ́, ohun tó ń kọ á fọ́. Ìdí kejì ni pé nígbà tí ìnfátà bá ń sún láti iná ìjọba sí bátìrì, àlàfo kékeré kan máa ń wà. Gílóòbù ò mọ̀ ọ́n. Tower lè mọ̀ ọ́n, kó sì tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà: ìnfátà, lẹ́yìn náà UPS, lẹ́yìn náà NAS àti switch. 650VA tó. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní ihò USB tó ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ èyí tó rọ̀ jù lójà ò ní in, wọ́n kàn ń ké "pí-pí-pí" sétí ẹni tí kò sí nílé ni. Bátìrì inú rẹ̀ jẹ́ 12V 7Ah, ìyẹn 84Wh lórí ìwé. UPS fúnra rẹ̀ ń jẹ nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ má gbójú lé ju ìdajì wákàtí lọ fún ẹrù wátì 25. A ò sì nílò ìdajì wákàtí. Nínú DSM, ẹ lọ sí Control Panel, Hardware & Power, UPS, kí ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún sí i kó tó wọ Safe Mode. Ní General, ẹ fàmì sí ti kó dìde fúnra rẹ̀ bí iná bá padà. Lórí Debian, NUT ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ẹ kọ́kọ́ dán `usbhid-ups` wò, bí kò bá mọ UPS náà, ẹ dán `nutdrv_qx`.

Lẹ́yìn náà ẹ yọ púlọ́ọ̀gì UPS lára ògiri, kí ẹ dúró tì í pẹ̀lú aago. Ẹni tí kò bá ṣe ìdánwò yìí, UPS rẹ̀ ò tíì ṣiṣẹ́.

Ìkìlọ̀ méjì. Bí ìnfátà yín kì í bá ṣe pure sine wave (iná tó ń ṣàn geere bíi ti ìjọba), UPS lè wò iná rẹ̀ kó kọ̀ ọ́, kó máa jẹ bátìrì ara rẹ̀ títí á fi kú, nígbà tí gbogbo ilé mọ́lẹ̀ rokoṣo. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí ara ìnfátà náà. Èkejì, ẹlòmíì á ní kí ẹ lo mini UPS róútà torí pé NAS náà jẹ́ 12V. Ẹ má gbọ́. Mini UPS yẹn sábà máa ń jẹ́ 12V 2A. Nígbà tí háàdì ńlá kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, òun nìkan lè fa tó ampía méjì. Ẹ ní méjì. NAS á tan, á kú, á tan, á kú, háàdì á máa ṣe "kẹ́-kẹ́-kẹ́". Títàn àti kíkú bẹ́ẹ̀ ló ń pa háàdì.

Ti ẹ̀dà: Tọ́kùnbọ̀_Tó_Péye sọ òótọ́ nípa RAID, ṣùgbọ́n háàdì kejì tirẹ̀ náà wà nínú páálí kan náà, lábẹ́ òrùlé kan náà. Àrá kan á mú méjèèjì, olè kan á gbé méjèèjì. Ẹ ra háàdì USB 4TB méjì. Ọ̀kan wà lẹ́yìn NAS, Hyper Backup, ètò ẹ̀dà Synology, ń kọ sí i lálaalẹ́. Ìkejì wà nílé ẹbí kan ní ìlú Oǹdó, kò ju ìrìn wákàtí kan lọ. Lóṣooṣù, ẹ gbé ti ilé lọ, ẹ gbé ti ọ̀hún bọ̀. Torí ìwé ilẹ̀, ẹ fàmì sí client-side encryption (kí ẹ̀dà náà wà ní títì pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́) kó tó kúrò nílé. Kí ẹ sì tẹ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sórí bébà, kí bébà náà má ṣe wà níbi tí háàdì wà. Bí kọ́kọ́rọ́ bá sọnù, kò sí babaláwo tó máa ṣí i.

Onílé_Ìjàpọ̀ fèsì:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ìṣirò iná ló mú mi: DS224+ ni mò ń lọ bá, pẹ̀lú IronWolf 4TB méjì àti UPS oní-USB. Ìbéèrè mẹ́ta ló kù. Bí àpótí NAS fúnra rẹ̀ bá kú, ṣé fáìlì mi bá a lọ? Mi ò rò pé mo máa rí ẹni tó ń tún un ṣe nítòsí. Ìkejì, ṣé n kò lè fi háàdì 1TB mi àtijọ́ ṣe ẹ̀dà ti Oǹdó ná? Ẹ̀kẹta, ọmọ Ifẹ̀ ńkọ́?

Wáyà_Mẹ́jọ fèsì:

Fáìlì ò bá a lọ. Linux lásán ló wà nínú háàdì yẹn: mdadm àti LVM. Ẹ ki Ubuntu sórí fláṣì, ẹ so háàdì náà mọ́ tower èyíkéyìí pẹ̀lú wáyà SATA, ẹ tan án, lẹ́yìn náà:

`sudo apt install mdadm lvm2`
`sudo mdadm -AsfR && sudo vgchange -asy`
`sudo lvs`

Ìlà tó kẹ́yìn á fi orúkọ rẹ̀ hàn yín, ẹ wá fi `mount -o ro` ṣí i. "ro" yẹn ṣe kókó: kíkà nìkan, kí ẹ má baà kọ nǹkan sí i nígbà tí ọwọ́ ń gbọ̀n. Ọ̀kan nínú méjèèjì tó láti ka gbogbo rẹ̀.

Háàdì 1TB kéré. Fídíò 4K 30fps láti iPhone ní HEVC jẹ́ bíi 170MB ní ìṣẹ́jú kan, ìkómọ wákàtí kan ti di 10GB. Bí fọ́tò inú rẹ̀ bá ti wà ní ibi méjì mìíràn, ẹ fi ti ìwé ilẹ̀ àti sátífíkéètì nìkan sínú rẹ̀ ná, kí ẹ gbé e lọ sí Oǹdó. Ìyẹn ò ju gígábáìtì mélòó kan lọ. Ṣùgbọ́n kí ìgbà yẹn tó dé, ẹ má fọwọ́ kan fọ́tò orí rẹ̀.

Ti Ifẹ̀: ẹ wo WAN IP (àdírẹ́sì tí ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún róútà yín) lójú róútà. Bó bá bẹ̀rẹ̀ láti 100.64 dé 100.127, ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti kó yín pọ̀ mọ́ àwọn ẹlòmíì sẹ́yìn àdírẹ́sì kan, port forwarding (ṣíṣí ilẹ̀kùn róútà fún ẹni tó wà níta) ò sì lè ṣiṣẹ́ láéláé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ní January 2022, Deadbolt, ètò àwọn ọ̀daràn tó ń ti fáìlì pa kó tó gba owó, ti ọ̀pọ̀ NAS ilé-iṣẹ́ QNAP pa káàkiri ayé, àwọn tí olówó wọn ṣílẹ̀kùn wọn tààrà sí íntánẹ́ẹ̀tì ló sì kó sí i lọ́wọ́. Ẹ fi Tailscale sórí NAS àti sórí fóònù ọmọ náà, ó ń gba inú ìdènà yẹn kọjá, kò sì ṣí ìlẹ̀kùn kankan. Àmọ́ ẹ kìlọ̀ fún un: fídíò 2GB tó bá wò láti Ifẹ̀, 2GB lọ lórí dátà tirẹ̀, 2GB tún lọ lórí róútà ilé, torí pé ilé ló ń gbé e jáde. Kí ó fi ìfifọ́tò-ránṣẹ́ sí Wi-Fi nìkan.

Ẹ̀dà_Mẹ́ta fèsì:

Ọ̀kan kù tó máa dá yín dúró lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Windows 11 24H2 Pro ò gba fóldà tí kò ní páswọ́ọ̀dù mọ́, ó máa ní òun ò lè dé ibẹ̀, èèyàn á sì rò pé NAS ló bàjẹ́. Ẹ dá orúkọ àti páswọ́ọ̀dù fún ẹni kọ̀ọ̀kan nínú DSM, ẹ má ṣe tan SMB1 (ọ̀nà pínpín fáìlì àtijọ́ tí kò láàbò) nítorí ohunkóhun, kí ẹ sì tan Recycle Bin fún fóldà kọ̀ọ̀kan.

Fún kíkó 900GB, ẹ má fi máòsì wọ́ ọ. Bó bá já lágbedeméjì, ẹ ò ní mọ ibi tó dé. Ẹ ṣí Command Prompt:

`robocopy E:\Foto \\192.168.1.50\ile\Foto /E /R:2 /W:5 /LOG:C:\Users\Public\ako.txt`

Ẹ fi IP NAS yín rọ́pò ti òkè yìí. Ẹ má fi /MIR rọ́pò /E, torí /MIR máa ń pa ohun tí kò rí ní E: rẹ́ ní ọ̀hún. Bó bá parí, ẹ tún àṣẹ kan náà tẹ lẹ́ẹ̀kejì. Ní ìsàlẹ̀ ako.txt, Copied gbọ́dọ̀ jẹ́ 0, FAILED gbọ́dọ̀ jẹ́ 0, kí Skipped àti Total sì dọ́gba ní ìlà Files. Bí FAILED bá ní nọ́ńbà kankan, orúkọ fáìlì náà wà lókè níbi tí wọ́n kọ ERROR sí. Ó sábà máa ń jẹ́ pé ojú ibi kan lórí háàdì àtijọ́ ti ń bàjẹ́, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ da àwọn yẹn kọ kí ẹ tó yọ ọ́.

Onílé_Ìjàpọ̀ fèsì:

Mo ti gbọ́. Mo yẹ ara ìnfátà náà wò báyìí: pure sine wave ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo tún ha okùn kan nínú wáyà tó wà nílé. Funfun ni.